Ta ló ń yọjú wo kàlẹ́ńdà yín?

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí wà nínú rẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àwa Yorùbá mọ bí a ṣe ń pa nǹkan mọ́. Ẹni tó fẹ́ já pa kì í sọ fún ẹnikẹ́ni títí bàálù á fi gbéra. Àwọn mìíràn, ó di ìgbà tí wọ́n bá gbé fọ́tò yìnyín síta kí ẹbí tó mọ̀ pé wọn ò sí ní Ìbàdàn mọ́. Ṣùgbọ́n tá a bá débí tán, a ó wá kọ gbogbo ìrìn wa sínú kàlẹ́ńdà ibi iṣẹ́: ọjọ́ tá a fẹ́ rí dókítà, ọjọ́ tá a fẹ́ rí lọ́yà, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò fún iṣẹ́ míì. A ò bi ara wa pé ta ló ń kà á.

Bí èmi ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ náà rèé. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wá nínú ẹgbẹ́ ìwádìí wa níbí ní England. Wíwá wákàtí kan tí gbogbo wa á lè fi ṣèpàdé lọ́sẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ le ju ìwádìí fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀gá wa ní kí n wá nǹkan ṣe sí i, ni mo bá fi Python kọ ètò kékeré kan tó ń bi Outlook léèrè nípasẹ̀ Microsoft Graph pé ta ló ráyè, ta ni kò ráyè. Ìdáhùn tí mò ń retí kò ju nọ́ńbà lọ. Bí Graph ṣe ń kà á, 0 ni pé ọwọ́ onítọ̀hún dilẹ̀, 2 ni pé ọwọ́ rẹ̀ dí, 3 ni pé kò sí níbi iṣẹ́.

Ti èèyàn márùn-ún wá bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà lásán. Ti àwọn mẹ́ta yòókù gbé àkọlé ìpàdé àti ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é dání. Mi ò béèrè fún un o. Ilẹ̀kùn wọn ló ti ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà jẹ́ ọmọ ilé, ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Ìlà kan ṣoṣo ti tó fún mi láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ ni. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ bá a ní kọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo àwọn tó láṣẹ láti rí kàlẹ́ńdà yín."

"Kí lo rí?"

"Ìlà kan, mi ò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí èmi bá rí i, gbogbo wa ló lè rí i."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ta ló ti wò ó?"

Ìbéèrè yẹn ni mi ò lè dáhùn. Outlook á fi ẹni tó láṣẹ láti wọlé hàn ẹ́. Kì í sọ fún onílé pé lágbájá ti wọlé wò. Ẹ̀gbọ́n ò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn àbúrò rẹ̀ nílé pàápàá. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ parí nígbà náà. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìwé rẹ̀ ń mì lè ti kà á mọ́ àwọn tó ń lọ, láì bi í léèrè rárá.

Ibo ni ihò náà ti wá? Bí wọ́n ṣe ṣe Outlook, tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kì í rí ju pé ọwọ́ yín dí. Ìpele wà lókè ìyẹn: èyí tó ń fi àkọlé àti ibi ìpàdé hàn, èyí tó ń fi gbogbo rẹ̀ hàn, èyí tó ń jẹ́ kí ẹlòmíì yí i padà, àti ti aṣojú. Kí n tó dé, ẹnì kan ti ní kí àwọn tó wà nílẹ̀ ṣí kàlẹ́ńdà wọn kí gbígba yàrá ìpàdé lè rọrùn. Wọ́n ṣí i. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n tì í padà.

Nílé wa, àlejò á kọ́kọ́ ké "Àgò onílé o", á dúró de "Àgò yà" kó tó wọlé. Ìpele "ọwọ́ dí" yẹn ni àgò ti kọ̀ǹpútà: ó jẹ́ kí àlejò mọ̀ pé èèyàn wà nílé, kò jẹ́ kó rí ohun tó wà lórí iná.

Ọ̀gá wa wá ní kí n kó èsì gbogbo wa jọ sínú fóldà tí gbogbo wa ń lò. Mo ní rárá. Tábìlì tó ń sọ ilẹ̀kùn ẹni tó ṣí, amọ̀nà ni fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Ó ní ṣebí ẹgbẹ́ kan náà ni wá. Mo ní òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wa la fi físà wà nílùú yìí. Ó gbà. Mo ṣe ètò náà kó máa da àkọlé nù kó tó tọ́jú ohunkóhun, mo sì fi èsì kálukú ránṣẹ́ sí òun nìkan. Àwọn mẹ́ta náà ti ilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an. A ṣì rí wákàtí ìpàdé, Ọjọ́rú aago méjì ọ̀sán. Nọ́ńbà lásán tó o!

Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kí n tó kọ èyí. Ó ní kí n kọ ọ́ kí ojú àwọn mìíràn lè là.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sùn lónìí, tó bá jẹ́ Outlook, ẹ wá "Sharing and permissions" lórí kàlẹ́ńdà yín, kẹ́ ẹ wo ohun tó wà níwájú "People in my organization". Tó bá jẹ́ Google Calendar, ẹ wọ "Settings and sharing", kẹ́ ẹ yan "See only free/busy". Ẹ má gbára lé àmì "Private" nìkan. Microsoft fúnra wọn kìlọ̀ pé kò tó láti fi pa àlàyé mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti láṣẹ láti ka kàlẹ́ńdà náà. Ohun tó bá wúwo, ẹ kọ "mi ò ráyè" sí ti ibi iṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ ìyókù síbòmíì tó jẹ́ tara yín.

Tẹ́ ẹ bá sì rí ilẹ̀kùn ẹlòmíì tó ṣí sílẹ̀, ẹ sọ fún un ní kọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi screenshot rẹ̀ sórí WhatsApp. Kí Ọlọ́run bo àṣírí gbogbo wa.