Òpin Ọ̀sẹ̀ Mi ní Ìlú Oǹdó

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó kò jìn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1988 tí mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, bí ẹni lọ Ìlú Ọba ló rí lára mi. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń wọ ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ ìyá mi, tí ń ta ẹ̀kọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò kí mi káàbọ̀. Ó ní: “Ẹ̀kọ mélòó ni mo tà kí o tó rí owó ọkọ̀ yìí?” N kò lè dáhùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi Sátidé rìn káàkiri Oǹdó. Ẹsẹ̀ ni mo ń fi rìn, kò náni ní kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan tí ń ta iṣu rẹ́rìn-ín sí èdè Àkúrẹ́ mi, ó ní kí n jókòó. Ó sọ pé nínú ìtàn wọn, obìnrin ni Ọṣemàwé àkọ́kọ́, Púpùpú. Àti pé obìnrin náà ni Lóbùn, olórí ọjà, tí ó ń kópa nínú fífi Ọṣemàwé jẹ. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Nígbà Kérésìmesì, mo kà á fún ìyá mi. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní kí n tún un kà.