Láti Aláúsá dé Orí Òkè Adó-Àwáyè

Àwa tí a ń gbé Aláúsá àti Agége, ariwo ẹ̀rọ ni ó ń jí wa, èéfín mọ́tò ni a sì ń fà símú títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ lè pé ogún ọdún kí ó má tíì fi ojú kan òkè rí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ròyìn fún yín ìrìn-àjò tí èmi àti Ẹgbẹ́ Aláṣàlátù mọ́ṣáláṣí wa rìn ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

A kí ìrun Àsùbáà tán, a wọ bọ́ọ̀sì. A gba Ọgbà já sí títì Abẹ́òkúta, a kọjá Sàngó-Ọ̀tà àti Ifọ̀. Ní Ewékorò ẹ ó rí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Lékeléke ń tẹ̀lé màlúù nínú pápá, àwọn ọmọ sì ń kà wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni òkúta ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí láàárín ilé: Abẹ́òkúta dé.

Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí nígbà ogun, tí wọ́n fi tẹ ìlú dó pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ ní 1830. Àwọn kan nínú wa ń kọminú pé wọ́n ń bọ òrìṣà níbẹ̀, ṣé ó yẹ kí Mùsùlùmí gùn ún? Lèmọ́mù wa ti dá wọn lóhùn kí a tó kúrò nílé pé wíwò kì í ṣe bíbọ. Ìyá Sùnnà wa, ẹni 71 ọdún, gun àtẹ̀gùn náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó rí odò Ògùn lókèèrè àti òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà lọ súà, ó ní, “Sùbúhánalláhì!” Èmi tí mo jẹ́ ládàánì, ohun tí mo ń rò ni ibi tí ohùn mi ìbá dé bí mo bá pe ìrun láti ibẹ̀.

A wá gba ọ̀nà Ìbàràpá. Ẹ múra fún gbígbọ̀n o, ọ̀nà náà kò tẹ́jú. Ní Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, bí ẹ ti ń rí méjì lẹ́nu ilé ni ẹ ó rí méjì nídìí ọjà. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọbẹ̀ ìlasa ni. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, àfi ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa, tí ó ti lo ọdún 11 nílé ọkọ láìgbọ́ ẹkún ọmọ. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

A kọjá Èrúwà àti Lánlátẹ̀, a sì kí Àyìlà ní ráká méjì ti arìnrìn-àjò nísàlẹ̀ òkè Adó-Àwáyè. Ìyá Sùnnà àti àwọn ọmọdé dúró níbẹ̀. Àtẹ̀gùn náà lé ní 350, àpáta gbalasa ni ó kù lẹ́yìn rẹ̀. Alángbá ń sá kiri, àṣá ń rà bàbà lókè. Ẹ ó rí Ìṣàgè, òkúta ràbàtà tí ó gbé ara lé ibi kékeré tí kò sì ṣubú. Lẹ́yìn náà ni Ìyákẹ́, adágún omi lórí òkè! Ẹ má ṣe sún mọ́ ọn jù.

Àwọn kan gbà pé omi náà ń fúnni lọ́mọ. Bí a ti dúró níbẹ̀, obìnrin wa yìí fa ìgò òfìfo yọ nínú báàgì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo mọ ohun tí ìlànà wí, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mọ́. Bàbá ọmọ márùn-ún ni mí. Ó wo omi náà pẹ́, ó sì dá ìgò padà sínú báàgì bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Alásàrí ti tó. Ìyá Sùnnà ní, “Ta ni ó ní ìgò níbẹ̀?” Obìnrin náà mú tirẹ̀ wá. Màmá bu omi kẹ́ẹ̀gì wa kún un, ó ní kí ó bu sí òun lọ́wọ́ ṣe àlùwàlá, ó sì fà á mọ́ra nínú sàfù.

A dé Ìsẹ́yìn kí oòrùn tó wọ̀, òfì ṣì ń dún nínú àgbàlá àwọn ahunṣọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín, igbó ọba ti Ọ̀yọ́-Ilé wà níwájú, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn ni ti ìyẹn. A sùn síbẹ̀.