Ìrìnàjò sí Presidio: Pátákó Ìtàn àti Ọmọ Tí Ariwo Ń Ni Lára

Bárékè sójà tẹ́lẹ̀ ni ilé bíríkì pupa tí Musíọ́ọ̀mù Ìdílé Walt Disney wà nínú rẹ̀, nítorí pé ibùdó ológun ni gbogbo àgbègbè Presidio, ní ìhà àríwá ìlú San Francisco lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti ọdún 1776 tí àwọn ará Sípéènì ti tẹ̀ ẹ́ dó títí di ọdún 1994 tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi í lé àwọn tó ń bójú tó ọgbà ìjọba lọ́wọ́. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ rí pápá gbalasa tí àwọn sójà ti ń yan nígbà kan rí, kó tó gbójú sókè wo ilé náà. Ó ya òǹkọ̀wé ìròyìn yìí lẹ́nu pé ibi tí fèrè ogun ti ń jí èèyàn láàárọ̀ ni ariwo ti wá di ohun tí à ń dín kù nítorí ọmọdé.

Ọdún 2009 ni musíọ́ọ̀mù náà ṣí, Diane Disney Miller, ọmọ aṣefíìmù kàtúùnù Walt Disney, ló sì wà nídìí ìdásílẹ̀ rẹ̀. Kàtúùnù ni iṣẹ́ tí wọ́n ń fi hàn níbẹ̀, ìyẹn yíya ọ̀pọ̀ àwòrán tí ìkọ̀ọ̀kan fi díẹ̀díẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, tí a sì ń fi wọ́n han ojú kíákíá débi tí ojú á fi gbà pé wọ́n ń rìn. Ògiri kan wà níbẹ̀ tí wọ́n to àwòrán tó lé ní 300 sí láti inú Steamboat Willie, fíìmù ọdún 1928, àmọ́ gbogbo wọn pátá kò tó ìṣẹ́jú àáyá 15 nínú fíìmù náà.

Àwọn yàrá tó tẹ̀ lé ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohùn fíìmù kan ń wọnú ohùn èkejì, iná ń ṣẹ́jú lára ògiri, èrò sì ń forí gbárí. Fún ọmọ tó ní ọ́tísìmù, èyí tí í ṣe pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba ìró, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo èyí lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìkankan má sì ṣáájú èkejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn musíọ́ọ̀mù fi ń ṣe ètò tó rọ ara lọ́rùn: wọ́n á ṣílẹ̀kùn kí èrò tó dé, wọ́n á dín ohùn kù, wọ́n á pèsè ohun ìdétí, wọ́n á sì ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí ọmọ lè sá wọ̀ bí nǹkan bá pọ̀ jù fún un. Àléébù irú ètò bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀ ni pé wákàtí rẹ̀ kéré, bí ẹni pé ọjọ́ yòókù kì í ṣe ti ọmọ náà.

Ohun tó wúlò jù nínú ètò náà ni ìwé pẹlẹbẹ tí ọmọ ń gbà kó tó kúrò nílé, tí àwòrán ibi tó máa gbà kọjá wà nínú rẹ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Carol Gray, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, ló gbé irú ìwé ìtàn bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni Webb Smith ti ń ya ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé tirẹ̀ nílé iṣẹ́ Disney, tó ń fi píìnì kàn wọ́n mọ́ ògiri, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè rí ohun tó ń bọ̀ kí wọ́n tó náwó lé e lórí. Òun ni wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni tó dá pátákó ìtàn sílẹ̀, Three Little Pigs ti ọdún 1933 sì wà lára àwọn fíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe látòkèdélẹ̀. Ọmọ tó mú ìwé pẹlẹbẹ yẹn dání ti ń lo pátákó ìtàn kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ.

Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe pátákó ìtàn tirẹ̀ nídìí tábìlì, ìwé onígun mẹ́rin àti pẹ́ńsù nìkan ti tó. Ká ní ọmọ kan ya ológbò tó ń wo ẹja, ó ya abọ́ ẹja tó fọ́, ó sì ya ológbò tó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí abọ́ tó fọ́ bá ṣíwájú, òǹwòran á ní ológbò wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Bó bá wà láàárín, ológbò ti di ọ̀daràn. Ẹni tó bá mọ àrokò kò ní ṣe kàyéfì, nítorí owó ẹyọ méjì tí a so kojú síra ń sọ ti ìrẹ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá so wọ́n kẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Nítòsí ìparí ìrìn náà, lẹ́yìn àwọn yàrá tó ṣókùnkùn, fèrèsé gíláàsì ńlá kan ṣàdédé yọ, afárá Golden Gate ń pọ́n lókèèrè, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ sì ya wọlé pọ̀ọ̀. Ojú ìwé tó yẹ kó wà nínú ìwé pẹlẹbẹ ọmọ náà nìyẹn.