ÀWỌN IGI INÚ ÌKÒKÒ NÍ ÌGBÀYÈ

Ẹni tí ó bá kúrò ní Òṣogbo tí ó kọ ojú sí ìhà Ọ̀fà, yóò la Ìkìrun kọjá, yóò la Inísà, kí ó tó dé Òkukù tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn. Ojú irin tí ó ti Èkó wá ń bá ọ̀nà náà rìn. Ní ọdún 1908 ni ó la ìhà yìí já dé Ìlọrin. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn ogun lè dúró ní Ìkìrun kí ó bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀ ogun Jálumi ti ọdún 1878. Àwa kò dúró. Ìgbàyè ni a ń lọ, ìlú àgbẹ̀ tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Òkukù. Oṣù kìn-ín-ní ọdún ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè ń là, eruku pupa sì bo gbogbo ewé ẹ̀bá ọ̀nà.

Ilẹ̀ ìhà yìí wà ní ibi tí igbó ti ń parí tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣu ń ṣe dáadáa níbẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀pẹ kò wọ́n. Kòkó àti obì sì wà níbi tí ilẹ̀ bá gbé lọ́ràá. Nítorí náà ó yà wá lẹ́nu láti rí i pé ní ìdí ògiri ilé mélòó kan, igi ni ó tò lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró sínú ohun èlò tirẹ̀: èyí nínú orù omi tí etí rẹ̀ ti fọ́, èyí nínú garawa òróró, èyí nínú ike ọ̀dà, òmíràn nínú àpò ìrẹsì. A rí ọsàn wẹ́wẹ́, gúáfà, ewúro, làálì, àti ọsàn mímu kan tí ó ga ju ènìyàn lọ. Kí ni ẹni tí ilẹ̀ yí ká báyìí ń fi ìkòkò ṣe?

Ewúrẹ́ ni ìdáhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún wa, nítorí a lè gbé ìkòkò gun orí pèpéle títí igi yóò fi dàgbà kúrò lẹ́nu ẹran. Ẹni tí ó bá ti ń bá ewúrẹ́ gbé kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n bí a ti jókòó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ ìdáhùn kejì, òun sì ni ó mú wa kọ ìwé yìí.

Ilẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní àwọn tí ó ni ín. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, àlejò tí ó tọrọ ilẹ̀ dáko lè gbin iṣu, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́, kí ó sì san ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi tí ń pẹ́, bí kòkó, obì tàbí ọsàn, àfi bí onílẹ̀ bá yọ̀ǹda. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó gbin igi ni ó ni igi, igi sì ń pẹ́ ju àdéhùn ẹnu lọ. Nígbà tí àwọn tí ó ṣe àdéhùn bá kú tán, àwọn ọmọ wọn yóò bá igi níbẹ̀, igi náà yóò sì dà bí ẹlẹ́rìí pé bàbá ẹni tí ó gbìn ín ni ó ni ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àkóso gómìnà, ṣùgbọ́n ní ìletò, olórí ẹbí ni àlejò ṣì ń lọ bẹ̀. Bákan náà ni ó rí fún ayálégbé, fún tíṣà tí a ṣí nípò, fún akọ̀wé, àti fún àwa oníṣẹ́ ìjọ tí a ń rán láti ibùdó kan dé òmíràn: ibi tí a ń sùn kì í ṣe ibi tí a ní ilẹ̀ sí. Igi inú ìkòkò ni ó bá wa mu. Ní ọjọ́ tí a bá ń kó lọ, a ó gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn àga.

Opó kan tí ń gbé iyàrá méjì ní Ìgbàyè, tí kì í ṣe ọmọ ìlú náà, ni ó ni ọsàn mímu tí a sọ. Ìyá Ọlọ́sàn ni àwọn ọmọdé ń pè é. Ìbàdàn ni ó ti rà á nínú ọ̀rá dúdú, lára irú àwọn tí a mú ojú ẹ̀ka ọsàn dídùn lẹ̀ mọ́ ìdí ọsàn kíkan. Ẹni tí ó bá gbin kóró ọsàn lásán yóò dúró ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rí èso, ṣùgbọ́n irú èyí lè so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin. Tirẹ̀ ti so mẹ́jọ. Nísinsin yìí ó fẹ́ kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti gbé ìkòkò náà, kò mì. Gbòǹgbò kan tí ó tó àtàǹpàkò ti gba ihò ìdí ìkòkò jáde, ó ti wọ ilẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ dé etí àgbà ilé, ó sì wá wò ó.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́,” ni ìyá náà wí, ó sì kúnlẹ̀, “inú ìkòkò ni mo gbìn ín sí, n kò gbìn ín sílẹ̀ yín.”

Àgbà náà tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ gbọn eruku kúrò lára gbòǹgbò náà, ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. “Ìyá, a gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ìkòkò, tiyín ni. Ohun tí ó ti wọ ilẹ̀, ti ilẹ̀ ni. Ẹ gé e, kí ẹ máa gbé tiyín lọ.”

Ìdájọ́ náà tọ́, ṣùgbọ́n gígé gbòǹgbò nínú ọyẹ́ lè pa igi. Ewé ń mu omi, gbòǹgbò ni ó ń pọn ọ́n; bí a bá gé apọnmi kúrò nígbà tí òùngbẹ pọ̀ jù, ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. A bẹ àgbà náà pé kí ó jẹ́ kí ó di ìgbà òjò. Ó ní kò burú, àwọn kò ní gba owó ilé lọ́wọ́ igi.

Àwọn kan lè sọ pé igi kò lè pẹ́ nínú ìkòkò. Ní ọgbà Kew ní London, igi kan wà tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà bí tiwa. Encephalartos altensteinii ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó jọ ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pẹ. Francis Masson ni ó mú un ti ìpẹ̀kun gúúsù Áfíríkà dé ibẹ̀ ní ọdún 1775, nígbà tí Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí kò tíì sí, inú ìkòkò ni ó sì ń gbé láti ìgbà náà. Ní ọdún 2009 wọ́n tún pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀. Àlejò tí kò ní ilẹ̀ ni òun náà, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì gbé e dé òní.

Ìdí ìkòkò ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Orù tí a mọ fún omi kò ní ihò. Ẹni tí ó bá gbin igi sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi ni yóò fi pa á. Kí a rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí a dojú rẹ̀ dé orí iyanrìn, kí a sì fi ìṣó àti òòlù lu ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn amọ̀kòkò, irú àwọn ìyá Ìpetumodù, lè dá ihò sí i kí wọ́n tó sun ún, bí a bá tètè bẹ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kó òkúta kún ìdajì ìkòkò pé kí omi lè jò. Àwa kò fara mọ́ ọn. Omi kì í tètè fi erùpẹ̀ kíkúnná sílẹ̀ bọ́ sí àárín òkúta. Orí òkúta ni yóò dúró sí, gbòǹgbò yóò sì máa sùn nínú ẹrẹ̀. Àpáàdì kan ṣoṣo tí a dà bo ihò ti tó.

Amọ̀ ń mí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti mu omi inú orù ti mọ̀. Ó ń mú kí ìdí igi tutù, ṣùgbọ́n ó ń tètè gbẹ. Garawa kì í tètè gbẹ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán a máa sun gbòǹgbò nínú rẹ̀. Kí a má ṣe fi aago bomi rin igi; kí a ki ìka bọ erùpẹ̀, bí ìsàlẹ̀ bá ṣì tutù, kí a fi í sílẹ̀. Omi tí ó bá dúró nínú àwo abẹ́ ìkòkò, ẹ dà á nù nítorí ẹ̀fọn. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, gbòǹgbò yóò ti máa yí ara rẹ̀ ká bí okùn. Nígbà òjò ni kí a yọ igi jáde, kí a gé èyí tí ó yí ká ní ẹ̀gbẹ́, kí a dín ẹ̀ka kù, kí a sì fi erùpẹ̀ dúdú tuntun pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà pátápátá dá a padà. Ìkòkò tí ó bá sì wà lórí ilẹ̀, kí a gbé e ka òkúta mẹ́ta. Èyí nìkan ìbá ti gba Ìyá Ọlọ́sàn lọ́wọ́ ẹjọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, a tún gba Ìgbàyè kọjá. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ti gé ẹ̀ka mélòó kan, wọ́n ti já ìdajì ewé, àgbà ilé fúnra rẹ̀ ni ó sì fi ayùn gé gbòǹgbò náà. Igi wà lábẹ́ òjìji lórí òkúta mẹ́ta, ó rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tuntun ń yọ lára rẹ̀. Àgbà náà mú wa lọ wo ibi tí gbòǹgbò wà nínú ilẹ̀, ó sì béèrè bóyá yóò hù.

A dá a lóhùn pé bí ó bá hù, ọsàn kíkan ni yóò jẹ́, nítorí òkè ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́ nìkan ni dídùn wà.

Ó rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ jẹ́ kí ó hù,” ni ó wí. “Ṣé kì í ṣe kíkan ni a fi ń wo ikọ́?”