Kí Lọmọ Yìí Ń Fi Òru Ṣe?

Òjò Monrovia kì í ṣe òjò eré. Bó bá ti di oṣù keje, ó lè bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kó má dá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, atẹ́gùn òkun á sì máa gbá a mọ́ fèrèsé bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Irú òru bẹ́ẹ̀ ni ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Òṣogbo dìde ní Mamba Point láti lọ wò ó bóyá omi ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Aago méjì ti lù. Iná ń tàn nínú yàrá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó dúró, ó tẹ́tí. Ọmọ náà ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́, ó tún sọ díẹ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìyá padà sórí bẹ́ẹ̀dì, oorun kò sì kùn ún mọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọmọ náà. Ó ti jáde girama, ó ń retí yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ń ta páàtì mọ́tò, Èkó ló sì ti ń kó ọjà, nítorí náà ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ kó tó padà wá. Orí òkè etí òkun ni Mamba Point tí wọ́n háyà ilé sí. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà wà, ibẹ̀ náà ni gbọ̀ngàn ńlá àwọn Mason tó ti wà kí ogun tó dé. Ìyá kò fẹ́ràn àdúgbò náà tẹ́lẹ̀, ó ní owó ilé pọ̀ jù, àwọn aládùúgbò kì í sì í kí ara wọn. Àfi ìyá àgbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé, tí gbogbo ilé ń pè ní Old Ma, bí wọ́n ṣe máa ń pe àgbà obìnrin ní Làìbéríà. Ojú Old Ma ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ó mọ ẹsẹ̀ olúkúlùkù lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọkùnrin tó ń fi òru jókòó ti kọ̀ǹpútà, ẹ ti mọ ohun tó wá sọ́kàn ìyá yìí. Yahoo ni. Ó ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa ọmọ àwọn ẹni ẹlẹ́ni nílé, àwọn tí ọlọ́pàá wá kó láàárọ̀ kùtù. Kò sọ fún bàbá àwọn ọmọ. Ó mọ̀ pé tí bàbá bá gbọ́, ọkọ̀ òfuurufú tó kàn ni yóò wọ̀ padà, ìjà á sì dé kí ẹnikẹ́ni tó mọ òótọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tọ́mọ náà wọ balùwẹ̀, ó mú fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà tó ń bá a sọ̀rọ̀ lóru kì í ṣe ti Làìbéríà, kì í sì í ṣe ti Nàìjíríà. Ọmọbìnrin ni, Ọsirélíà ló wà, àwòrán òdòdó ló fi sójú WhatsApp rẹ̀. Ohun tó kọ gbẹ̀yìn ni pé èyí tó fi ránṣẹ́ lánàá ti dé, ó dùn mọ́ òun, kó jọ̀ọ́ fi ìyókù ránṣẹ́ kíákíá. Ìyá kò ka ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ yàrá, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká náà, ó fi aṣọ wé e, ó tì í mọ́nú àpótí rẹ̀.

“Ta lọmọbìnrin Ọsirélíà yìí?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rẹ́ mi ni.”

“Ọ̀rẹ́ tó ò fojú rí rí? Èló lo ti gbà lọ́wọ́ ẹ̀?”

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀ títí. “Mọ́mì, n kò gba nǹkan kan. Èmi ni mò ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí i.”

“Kí lò ń fi ránṣẹ́?”

“Ìlù ni, mà.”

“Ìlù? Wọ́n ń fi ìlù ránṣẹ́ nínú fóònù?”

Ọ̀rọ̀ náà ìbá pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn. Ìyá rò pé ó fẹ́ fi òun ṣe ẹlẹ́yà ni. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ọmọ bá gbọ́ pé ìyá òun ti pe òun lólè nínú ọkàn rẹ̀, kí ló tún kù tó fẹ́ sọ? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kọ̀ǹpútà náà fi wà nínú àpótí, ọmọ náà ń jẹun, ó ń kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ó ń fọ abọ́, kò sì béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló tú u wò. Ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣa ewébẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ní, “Mọ́mì, ẹ ò ṣe béèrè lọ́wọ́ Old Ma? Ọmọ-ọmọ wọn mà ni ọmọbìnrin yẹn.”

Ìyá sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Old Ma fún un ní àga, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó pẹ́. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin sá lọ sí Gánà, sí àgọ́ Buduburam tí wọ́n kó àwọn ará Làìbéríà sí. Ibẹ̀ ló bí ọmọ sí. Nígbà tó yá, ìjọba Ọsirélíà gba àwọn kan lára wọn, ìyá àti ọmọ sì lọ sí Melbourne. Old Ma kò tíì fojú kan ọmọ-ọmọ náà rí. Ọmọkùnrin òkè ló ń bá a di fóònù mú lọ́jọ́ Àìkú, tó ń sọ fún un bí ọmọ náà ṣe rí lójú fóònù, irun rẹ̀, aṣọ rẹ̀, nítorí pé ojú tirẹ̀ kò gbé e mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin náà ń gbọ́ orin lẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin náà béèrè orin ta ni. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

“Ọ̀sẹ̀ yìí kò wá,” ni Old Ma wí. “Mo rò pé ara rẹ̀ kò yá.”

Ìyá gun àtẹ̀gùn padà. Ó ṣí àpótí, ó gbé kọ̀ǹpútà jáde, ó gbé e ka orí tábìlì níwájú ọmọ rẹ̀. “Fi hàn mí,” ló sọ.

Ohun tọ́mọ náà fi hàn án rèé. Ní Ọsirélíà, rédíò kan wà tó ń jẹ́ triple j, ti ìjọba ni, abẹ́ iléeṣẹ́ ABC ló wà. Sydney ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1975, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n dá a fún. Lọ́dún 1995, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Unearthed, bí ẹni tó ń hú iṣu tó ti ta sábẹ́ ilẹ̀. Àwọn olórin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí wọn kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ orin kankan, ni wọ́n ń wá kiri. Ẹgbẹ́ olórin kan láti ìlú Lismore, Grinspoon, ni wọ́n kọ́kọ́ hú jáde. Láti 2006, orí ìkànnì ni gbogbo rẹ̀ wà: ọmọ yàrá á gbé orin rẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rédíò á gbọ́ ọ, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rò nípa rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, èyí tó bá dára, wọ́n á lù ú fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Kò sí pé o mọ ẹnì kan, kò sí pé o fún ẹnì kan lówó kó tó gbé orin rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lu orin lórí rédíò nílé wa, ẹ lè rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọmọ náà ń sọ ìtàn wọn bí ẹni ń ka ìtàn ìdílé. Ti Missy Higgins ló dùn mọ́ ìyá jù. Ó ṣì wà nílé ìwé girama lọ́dún 2001 nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi orin rẹ̀ ránṣẹ́ lórúkọ rẹ̀, orin náà sì borí. Àbúrò tó jókòó ní kọ̀rọ̀ ní, “Ẹ rí i báyìí?” Ti Flume náà wà níbẹ̀, ọmọ Sydney kan. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13, nínú páálí oúnjẹ àárọ̀ ló ti rí àwo kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2017 ó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy fún àwo orin tó fi kọ̀ǹpútà lù.

“Àwọn òyìnbó nìkan ni?”

Ọmọ náà ní rárá. Ó fi Sampa the Great hàn án, tí wọ́n bí ní Zambia, tó dàgbà ní Botswana, tó sì jẹ́ pé Ọsirélíà ló ti di olórin. Ó fi Genesis Owusu hàn án, tí wọ́n bí ní Gánà níbí, tó dàgbà ní Canberra. Lọ́dún 2021, tirẹ̀ ni wọ́n pè ní àwo orin tó dára jù ní gbogbo Ọsirélíà. Ó wá ṣí ẹlòmíràn. Melbourne ni ẹni náà wà, Remi lorúkọ rẹ̀, lọ́dún 2014 ló ṣe àwo orin kan, Raw X Infinity, tó fi gba ẹ̀bùn orin ńlá wọn.

“Remi kí ni?” ìyá béèrè.

“Remi Kolawole, mà.”

Ìyá gba kọ̀ǹpútà náà súnmọ́ra. “Kọ́láwọlé! Ọmọ ibo?”

“Ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà ni, mà.”

Ó wò ó pẹ́. Ó ní kí wọ́n tan orin náà, kò gbọ́ ju díẹ̀ lọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ dé òpin.

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá náà ní nǹkan tirẹ̀ láti sọ. Ó sọ bí wọ́n ṣe máa ń jí àwọn èèyàn sí sààrì lóṣù ààwẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń fi agolo àti ìlù kọrin wéré kiri òpópónà, tí àdúgbò kan ń bá àdúgbò kejì figagbága. Àárín wọn ni Síkírù Àyìndé Barrister ti jáde kó tó di pé wọ́n ń pe orin rẹ̀ ní fújì. Wàsíù Àyìndé náà, ẹrù ìlù ló kọ́kọ́ ń bá Barrister gbé. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ náà ni hipco nílùú tí wọ́n wà yìí, tí Takun J àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi Kọ́lókùá, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ìgboro Làìbéríà, bú àwọn tó ń jẹ owó ìlú. Nínú ìlù tí òun ń ṣe, ó ní òun fi díẹ̀ lára hipco sí i, òun sì fi díẹ̀ lára gángan sí i. Ìyá ní kó tan gángan náà. Ó gbọ́ ọ, ó sì sọ fún un pé gángan kì í sọ̀rọ̀ báyẹn, ibi tó yẹ kó ga ló ti rẹlẹ̀. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òru náà sì yé e wàyí. Aago mẹ́wàá ni Melbourne fi ṣáájú Monrovia lásìkò òjò. Aago méjì òru níbí, aago méjìlá ọ̀sán ni lọ́hùn-ún, ìgbà tí ọmọbìnrin náà bá jáde fún oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́. Bákan náà, òru ni dátà rọjú. Kí okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní ACE tó dé Monrovia lọ́dún 2011, sátẹ́láìtì ni gbogbo ìlú gbára lé. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn gbọ́ rédíò Ọsirélíà?

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tọ́mọ náà kò fẹ́ sọ, ìyá ló fà á jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn olórin Ọsirélíà nìkan ni Unearthed wà fún. Ọmọ Mamba Point kò lè gbé orin síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà ló lè gbé e, kó kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórin, kó kọ orúkọ ọmọ náà sábẹ́ rẹ̀ pé òun ló ṣe ìlù. Orin àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kọ̀ǹpútà fi wà nínú àpótí, ó dúró, ó kọ̀wé, kò rí èsì tó dájú, ó wá fi ìlù ẹlòmíràn sí i. Orin náà ti wà lórí ìkànnì. Orúkọ ẹlòmíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá kò rí nǹkan kan sọ. Ó dìde, ó lọ gbé oúnjẹ wá.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ lọ di fóònù mú fún Old Ma. Ìyá tẹ̀lé e. Ó kí ọmọbìnrin náà, ó ní kó má bínú, òun ló fa ìdádúró. Ọmọbìnrin náà ní kò sí wàhálà, ó ní orin kejì ti wà nílẹ̀, ìlù ló kù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, aago mọ́kànlá, bàbá pè láti Èkó. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, íápíìsì kan wà létí rẹ̀, ìkejì wà létí ọmọ náà, wọ́n ń gbọ́ ẹnì kan tó ń kí gbogbo Ọsirélíà pé ẹ káàárọ̀.

“Ọmọkùnrin yẹn ńkọ́?” bàbá béèrè. “Kí ló ń ṣe?”

“Ó ń ṣiṣẹ́.”

“Iṣẹ́ kí ni, lásìkò yìí? Gbé e fún mi.”

Ìyá ní kó pè padà tó bá di ìdajì wákàtí. Ó ní ibi gángan ni wọ́n wà.