Ẹ̀mí Ni Pọ́tà Ń Ṣọ́

Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì obìnrin tí mo ti ṣe pọ́tà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìwé àlejò ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Orúkọ àlejò, orúkọ ẹni tó wá kí, nọ́ńbà yàrá, àkókò tó dé, àkókò tó lọ. Àwọn ọ̀gá gbà pé bí ìwé náà bá ti kún, ààbò ti wà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ní ibi lọ́kàn kì í kọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Mo ti rí ojú ewé tó jẹ́ kìkì Túndé, tí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn kò sì yàtọ̀ síra.

Káàdì ló ṣiṣẹ́ lójú tèmi. Àlejò á fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kò sì ní gbà á títí yóò fi jáde. Bí àkókò àlejò bá parí, n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yẹ ìwé wò. Iye káàdì tó kù nínú àpótí ni iye ọkùnrin tó kù nínú ilé, ojú kálukú sì wà lára tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní káàdì, yàrá àlejò nísàlẹ̀ ni yóò jókòó sí, níbi tí mo ti lè rí i. Àwọn bàbá kan bínú. "Ṣé èmi tí mo bí i náà lẹ ń fura sí?" Màá kúnlẹ̀, màá bẹ̀ wọ́n, "Ẹ má bínú, sà," ṣùgbọ́n màá gba káàdì.

Ẹni tí wọ́n ní ká máa bẹ̀rù ni àjèjì tó fẹ́ fò wọlé lóru. Ẹni tí èmi wá ń bẹ̀rù jù ni ẹni tí gbogbo ilé mọ̀. Ọmọbìnrin kan wá bá mi nírọ̀lẹ́, ó rọra ń sọ̀rọ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà gbọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí bọ̀dá tó máa ń wá kí mi yẹn bá dé, ẹ ní mi ò sí."

"Kí ló dé?"

"Ó ní bí mi ò bá fẹ́ òun mọ́, òun á ba ojú mi jẹ́."

Bọ̀dá náà dé lóòótọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó gbé búrẹ́dì àti ọsàn lọ́wọ́, ó ní ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lòun. Bí kò bá jẹ́ pé ọmọ náà ti sọ fún mi, kí ni ǹ bá fi dá a dúró? Láti ọjọ́ náà, n kì í dá àlejò lóhùn pé ẹnì kan wà tàbí kò sí. Màá ní kí ó jókòó, màá ránṣẹ́ lọ bi ọmọ léèrè kí n tó sọ ohunkóhun. Bí ọmọ bá kọ̀, ohun tí àlejò á gbọ́ ni pé a kò rí i. Orúkọ àwọn tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n wọlé wà lórí ìwé kékeré kan nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo máa ń fi lé pọ́tà alẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, torí pé ẹni tí a lé lọ́sàn-án á padà wá nígbà tó bá mọ̀ pé ẹlòmíràn ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí òfin kankan tó ní ká máa ṣe ìwé bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó wà.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní squatter, ìyẹn àwọn ọmọ tí kò ní ibùsùn tiwọn, ló dùn mí jù. Ibùsùn kò tó, gbogbo wa la mọ̀. Yàrá tí a kọ ẹni mẹ́rin sí, ẹni mẹ́jọ lè máa sùn síbẹ̀. Ohun tí àwọn aláṣẹ ń ṣe sí i ni kí wọ́n kó sẹ̀kúríti wọlé ní ìdájí, kí wọ́n máa da ẹrù àwọn ọmọ síta. Ìyẹn kò dín iye wọn kù, ó kàn kọ́ wọn láti fi ara pamọ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn wà tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi ká mọ́ ilé ìwẹ̀, tó sì fọwọ́ kàn án. Kò wá bá mi. Bó bá fẹjọ́ sùn, wọ́n á bi í pé kí ló ń wá nínú ilé náà, òun ni wọ́n á sì kọ́kọ́ lé jáde. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ fi dé etí mi, sẹ́ṣọ̀n ti ń parí lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọkùnrin náà ṣì ń wọlé tún ẹ̀rọ ṣe, nítorí pé oníṣẹ́ kì í kọ orúkọ sínú ìwé àlejò. Àlejò kọ́ ni wọ́n kà á sí.

Nítorí náà, mo ń sọ ọ́ láìfi bò: ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò ní ibùsùn sílẹ̀, kí ẹ sì ṣèlérí pé ẹ kò ní fi ìwé náà lé ẹnikẹ́ni jáde. Ẹ kọ orúkọ oníṣẹ́ pẹ̀lú, kí ẹnì kan sì máa tẹ̀ lé e títí yóò fi ṣe tán. Bí iná bá ṣẹ́ yọ lóru, báwo la ṣe máa wá ẹni tí a kò mọ̀ pé ó wà nínú ilé?

Wọ́dìn kan sọ ìtàn méjì fún wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí n kò lè gbàgbé. Ní 5 April 1986, wọ́n pa Jeanne Clery, ọmọ ọdún 19, nínú yàrá rẹ̀ ní Yunifásítì Lehigh ní Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan náà ló pa á. Àwọn ilẹ̀kùn tó yẹ kó wà ní títì ni àwọn èèyàn fi nǹkan há kó má baà padé. Àwọn òbí rẹ̀ jà fitafita, títí òfin fi jáde ní 1990 pé kí àwọn yunifásítì ibẹ̀ máa fi ìwà ọ̀daràn tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà wọn han gbogbo ayé. Ìtàn kejì ṣẹlẹ̀ ní Kyanguli ní Kẹ́ńyà, ní March 2001. Wọ́n dáná sun ilé tí àwọn ọmọ ń sùn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, ilẹ̀kùn kan wà ní títì pa, irin sì wà lójú fèrèsé. Ọmọkùnrin 67 ló kú.

Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tiwa, àgádágodo ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti alẹ́ dé òwúrọ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ọ́fíìsì tí a máa ń tì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo béèrè ìdí, wọ́n ní kí àwọn ọmọ má baà yọ́ jáde lọ bá ọkùnrin ni. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Ìwà ọmọbìnrin ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀mí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí họ́sítẹ́ẹ̀lì ọkùnrin fi ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ẹni tó bá wù ú. Bẹ́ẹ̀, họ́sítẹ́ẹ̀lì ọkùnrin ni ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ̀ ní ìdájí 10 July 1999, ní Awólọ́wọ̀ Hall ní yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà lára wọn. Pọ́tà kan ṣoṣo kò lè dá oníbọn dúró, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èrò pé ọmọkùnrin kò nílò ìṣọ́ kò ní ìtumọ̀ kankan lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn náà lẹ́yìn àríyànjiyàn púpọ̀, ọrùn mi ló sì ń wà ní òru tí iṣẹ́ bá kàn mí, títí mo fi kúrò.

Èyí tó kù ni ti àwọn ọmọ tó ń pẹ́ dé. Òfin ní bí aago tí wọ́n dá bá ti kọjá, kí n má ṣílẹ̀kùn. Ọmọ tó ń bọ̀ láti láàbù, tí kò rí ọkọ̀, yóò wá dúró sínú òkùnkùn lẹ́nu géètì nítorí kí ó lè kọ́gbọ́n. Ta ló ń jẹ àǹfààní ìyẹn bí kò ṣe ẹni tó ń dọdẹ rẹ̀? Mo máa ń ṣí i, ó á wọlé tán kí n tó béèrè ibi tó ti ń bọ̀, n ó sì kọ orúkọ rẹ̀ fún wọ́dìn. Wọ́n kọ̀wé ìkìlọ̀ fún mi lórí rẹ̀, mo sì fi ìwé dá wọn lóhùn pé bí wọ́n bá fẹ́ fìyà jẹ ọmọ tó pẹ́, kí wọ́n dúró di òwúrọ̀, kí wọ́n pè é sí ọ́fíìsì, kí wọ́n bá a wí níbẹ̀.