Bẹ́líìtì Inú Mọ́tò Bàbá Mi

Bàbá mi ń ná ọ̀nà Ìdí-Ìrókò sí Ọ̀tà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mọ́tò wọn fi ń han bí ọmọ ológbò láàárọ̀. Wọ́n ní òtútù ni.

Tòkunbọ̀ ni. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé irú wọn gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n àwọn tó ti wà nílé ṣì ń sáré, bẹ́líìtì wọn sì ń gbó.

Bẹ́líìtì tó wé bí ejò níwájú ẹ́ńjìnnì yìí ló ń yí ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná, àti pọ́ǹpù omi nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Tó bá já, ẹ́ńjìnnì á gbóná, sítíárì á le, èrò sì kún inú ọkọ̀.

Bọ̀ọ̀dá mẹkáníìkì ní kí n wò ó. N kò rí ibi tó sán. Wọ́n ní ti àtijọ́ ló máa ń sán, tòde òní kàn ń jẹ bíi táyà ni. Wọ́n pa iná, wọ́n fi èékánná tọ àwọn ilà inú rẹ̀: wọ́n ti fẹ̀, rọ́bà àárín wọn ti tín-ín-rín.

"Bá mi wá àlòkù," ni bàbá mi wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló mọ ibi tí ìyẹn ti rìn dé?"

Owó aṣọ iléèwé mi ni wọ́n fi ra tuntun. Kí wọ́n tó tú ti àtijọ́, mo ya ọ̀nà tó gbà sínú ìwé ìṣirò mi. Wọ́n fọwọ́ yí àwọn róólà wò. Ọ̀kan ń kùn. Bí a bá fi ìyẹn sílẹ̀, á jẹ tuntun náà.

Bàbá mi tún tọwọ́ bàpò.